Ọ̀rọ̀ Kan Tó Kù Lẹ́nu Èlíjà

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù lónìí. Dókítà ní ohun tó kù kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́, iṣẹ́ sùúrù ni. Mo fẹ́ bi í pé sùúrù ta ni, ó ti kọjú sí ẹlòmíràn.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé Èlíjà wọ ọkọ̀ ní jẹ́tì Ìgbọ́kọ̀dá, bí ẹni gbé àpò gaàrí. Orí omi yìí kan náà ló ti ń wa ọkọ̀ èrò láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ẹnu sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe ń tú okùn ọkọ̀ báyìí, ó pariwo: "Go!" Ohun tó máa ń sọ fún ẹni tó bá di okùn mú nìyẹn kí wọ́n tó ta kúrò ní èbúté. Gbogbo ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. "Kapitéènì ti dé o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti padà sí i lẹ́nu.

Nígbà tí a dé àárín omi, mo bi í bóyá òtútù ń mú un. Ó ní, "Go." Ṣé ebi ń pa á? "Go." Mo gbé ojú mi sún mọ́ tirẹ̀, mo ní, "Bàbá Dùnní, kí lorúkọ mi?" Ó wò mí títí.

"Go."

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Òjò láti òwúrọ̀. Òkun ti gbé ilé àwọn ará iwájú wa lọ tán, ilé wa ló wá kọjú sí i báyìí. Tí ìgbì bá gbá òpó tó gbé ilé dúró nísàlẹ̀, ife máa ń mì lórí tábìlì.

Dùnníolúwa pè láti Sápẹ̀lẹ́. Mo gbé fóònù sí etí bàbá rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi: "Dádì, ṣé ara yín ti ń yá?" Èlíjà ní, "Go." Ọmọ bú sẹ́kún. Ó ní Dádì ṣì ń lé òun, pé wọn ò tíì dárí ji òun lórí ọ̀rọ̀ ọkọ tí òun fẹ́ láìgba àṣẹ. Mo ní kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Ó ní, "Kí ni wọ́n wá sọ, Màmi?" Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára, mo pa fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n mú búrẹ́dì àti mílìkì wá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré. "Kapitéènì, ṣé kí a ra epo?" "Go!" "Kapitéènì, ìyàwó mi ń yọ mí lẹ́nu, kí ni kí n ṣe sí i?" "Go!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn. Èlíjà náà ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ìdajì ẹnu tó kù. Ìgbà tí ẹnì kan bi í pé, "Kapitéènì, ọ̀nà wo ni ìyá rẹ gbà lọ sọ́run?" tó sì dáhùn, ni mo gbé abọ́ omi ìfọṣọ dà lé wọn lórí.

Wọ́n ní mo ya wèrè. Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́la kí wọ́n wá wo wèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Bọ̀dá Ọlálẹ́yẹ dé. Ẹni tó jẹ́ àbúrò fún Èlíjà, ìyá kan, bàbá kan, tí kò yọjú sí wa lọ́sibítù lẹ́ẹ̀kan rí. Mo ti mọ ohun tó bá wá kó tó jókòó, nítorí ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Èlíjà ni ojú rẹ̀ wà. Ó kó ẹlẹ́rìí méjì lẹ́yìn.

Ó ní, "Bùrọ̀dá mi, ọkọ̀ yín ń jẹrà níbi tó wà. Ṣé kí n máa gbé e lọ?"

Èlíjà ní, "Go."

Ọlálẹ́yẹ yíjú sí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin náà gbọ́!"

Mo ní, "Kí ni wọ́n gbọ́? Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n." Mo fa ike jáde lábẹ́ ibùsùn, mo ṣí aṣọ lára ọkọ mi lójú gbogbo wọn. Ọlọ́run ṣe é, ìtọ̀ jáde lóòótọ́. Ó pọ̀. Gbogbo wa ń gbọ́ bó ṣe ń dún nínú ike. Àwọn ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ dìde.

Ọlálẹ́yẹ ní, "Ìyàwó, ìwọ lo wá di ẹnu rẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Ta ni ìbá tún jẹ́?"

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Ẹnu rẹ̀ ni mo di lóòótọ́, kò sì burú lẹ́nu mi. Ẹni tó bá dé, èmi ni wọ́n ń wò lẹ́yìn tó bá ti sọ tirẹ̀. "Kí ló wí?" Mo ní ó wí pé kí wọ́n má jókòó pẹ́. Mo ní ó wí pé ẹja tí wọ́n mú wá ti kéré jù. Lánàá mo ní ó wí pé kí Ọlálẹ́yẹ fi iṣu ránṣẹ́, iṣu sì dé, mẹ́ta, ọ̀kan ti jẹrà.

Ká sòótọ́, mo ti ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ lára wọn. Tó bá jẹ́ omi, á sọ ọ́ kúkúrú. Tó bá jẹ́ pé ara ń ro ó níbi tó sùn lé, á fà á gùn. Tó bá jẹ́ ìbínú, ojú òsì rẹ̀ á pọ́n kó tó sọ ọ́. Ọ̀kan wà tó máa ń sọ tí òkun bá ń ké, tó máa ń rọra sọ, tó kàn dà bí ẹni ń kí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹjọ

Òpó kan ti lọ lẹ́yìn ilé. Mo fi okùn so ibùsùn rẹ̀ mọ́ ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Ìwé atúmọ̀-èdè tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ Píráímárì Márùn-ún wà lára ohun tí mo kó jáde kí òkun tó gbé ilé-ìwé wa lọ. Mo ṣí i lónìí, mo wo *go*. Ojú-ìwé kan ò tó o, wọ́n tún ṣí òmíràn. Ó jẹ́ láti kúrò, ó jẹ́ láti dé. Ó jẹ́ láti kú. Ó jẹ́ kí iná lọ, kí oúnjẹ bàjẹ́, kí agogo dún, kí nǹkan kan bá òmíràn mu. Ó jẹ́ ìgbà tó kàn ọ́ láti ta nínú ayò. Ọdún mélòó ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀rọ̀ yìí, tí mo kọ ọ́ sójú pátákó bí ohun tí kò ṣòro? Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Èlíjà létí, mo ní kó mi orí tí mo bá dé orí tirẹ̀. Kò mi orí sí ìkankan. Nígbà tó yá ó sùn lọ.

Gaàrí ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin tó ń tà á ní epo ọkọ̀ ló fà á. Gbogbo nǹkan ni epo ọkọ̀ ń fà.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ

Òkun wọlé láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe ìgbì, omi kàn rọra dìde láti àlàfo pákó, ó dúró sí ọrùn ẹsẹ̀ mi. Bàtà Èlíjà méjèèjì léfòó, wọ́n ń lọ káàkiri yàrá. Ó ń wò wọ́n.

Bàbá Ọlábọ̀dé, olórí ẹbí ọkọ mi, wá wo ilé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú Ọlálẹ́yẹ. Bàbá fi ọ̀pá wọn tẹ òpó ilé tó kù, wọ́n mi orí. "Hánà, ọmá mi, uli yìí ò ní pẹ́ mọ́. Ẹ tú u kí omi tó bá yín tú u." Wọ́n ní ilẹ̀ wà lẹ́yìn, ní etí odò tó lọ sí Òde Mahin, pé kí á kó páànù àti pákó lọ síbẹ̀, kí Pọ́ọ̀lù káfíńtà bá wa tò ó.

Ọlálẹ́yẹ ní kò burú, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe iná? Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní Bùrọ̀dá òun kò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni, pé kí òun pè é ní ipò rẹ̀, kí ìyàwó òun sì dá a.

Nínú ẹbí yìí, ẹni tó bá ri òpó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tú ilé, tí wọ́n bá sì tún ilé náà gbé dúró, òun náà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tí yóò dá iná àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dá iná yẹn ti di onílé. Ẹni tó ri òpó ìbáà kú lọ́la, kò sẹ́ni tó lè lé e. Mo ti rí opó tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú nítorí pé kì í ṣe òun ló dá iná. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà wà lára àwọn tó dúró wò.

Mo ní, "Èlíjà á sọ̀rọ̀."

Ọlálẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. "Go lorúkọ rẹ?"

Bàbá ní kí a dúró. Wọ́n ní ẹnu ẹni tó ri òpó ni òfin mọ̀, tó bá dọjọ́ náà tí kò rí orúkọ pè, kí Ọlálẹ́yẹ pè é.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo jókòó níwájú rẹ̀ bí ẹni jókòó níwájú ọmọ ọdún mẹ́ta. "Há-nà." Mo fi ìka mi tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ẹnu là. "Há." Ó ní, "Go." "Há." "Go." Títí ògì fi tutù.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Sùúrù tí dókítà sọ, ó ti tán lọ́wọ́ mi. Lónìí mo gbé ṣíbí sókè, mo ní bí kò bá sọ Hánà kò ní jẹ ẹ́. Ó la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Mo gbé ṣíbí sẹ́yìn. Ó ní, "Go." Mo ní kì í ṣe go. Ó tún la ẹnu. Mo gbé ògì náà sí ibi tí ojú rẹ̀ tó o tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o, mo lọ sá edé síta. Ohùn rẹ̀ ń bá mi bọ̀ láti inú yàrá, kúkúrú, kúkúrú, èyí tó jẹ́ ti omi, lẹ́yìn náà èyí tó gùn. Mi ò dáhùn. Nígbà tí mo padà, ó ti sunkún, ikun àti omijé ti gbẹ sí i lójú.

Ojú ti mí. Mo fún un jẹ. Mo sì mọ̀ pé màá tún ṣe é lọ́la.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tún ṣe é. Go.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Àlejò kan wá láti Awoye. Jọọlá ni, ẹlẹ́ja, tó ti ń fi ọkọ̀ Èlíjà kó ẹja lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá láti àìmọye ọdún. Èmi náà mọ̀ ọ́n, a máa ń kí ara wa. Mo mọ̀ pé iwájú ọkọ̀ ló máa ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àti pé ẹja tó máa ń bá Èlíjà délé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà fún gbogbo èèyàn. Mi ò bi í rí. Ẹni tí kò bá béèrè, wọn ò ní purọ́ fún un.

Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo orí ibùsùn, kò sì lè gbé ojú rẹ̀ kúrò mọ́.

Èlíjà rí i. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra kúrò lórí aṣọ, ó na ìka sí i. Ó ní, "Go."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ ní oṣù yìí. Mo ti gbọ́ ti òùngbẹ, mo ti gbọ́ ti ìgbẹ́, mo ti gbọ́ ti ẹ̀rù. Mi ò gbọ́ irú eléyìí rí. Ó rọ̀. Ó wálẹ̀ níparí bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn kalẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ayé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò fi ìkankan nínú wọn pè mí báyẹn.

Jọọlá ń sunkún. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Ṣé o ò gbọ́ òyìnbó ni? Ó ní kí o máa lọ."

Ó ní, "Èmi?"

"Ìwọ. Ó ní òun ò fẹ́ rí ọ níbí mọ́."

Èlíjà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Go! Go! Go!" Ó ń fi ọwọ́ òsì gbá ibùsùn. Mo ní, "O rí i, inú ti ń bí i. Dìde kó tó ṣe ara rẹ̀ léṣe." Ó dìde. Ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, ojú rẹ̀ wà lára Èlíjà títí ó fi kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó gbé e wá ṣe ké, tó lọ.

Mo fi ẹja rẹ̀ se ọbẹ̀. Ó dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Kò la ẹnu láti ọjọ́ náà. Kò gba ògì, kò gba omi dáadáa, kò tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi oúnjẹ dù ú, èmi ni mo wá ń bẹ̀ ẹ́. Mo fi orí mi lélẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kú, mo ní, "Bàbá Dùnní, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá kú kí ilé tó dìde, ìta ni màá sùn." Ó yíjú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ti ń jẹun láti àná. Òní ni màá sì máa rántí: bí mo ṣe sọ ọ́, "Há," ètè rẹ̀ ṣí, èémí jáde, ó ní, "Há."

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù káfíńtà tó ń ka páànù lókè fẹ́ẹ̀ jábọ́. Mo ní kó wá gbọ́. Ó tún sọ ọ́ lójú Pọ́ọ̀lù: "Há." Pọ́ọ̀lù ní, "Ìyá Dùnní, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ nǹkan lédè òyìnbó?" Mo ní orúkọ mi ni, ìdajì rẹ̀ ti dé, ìdajì ń bọ̀. Mo jó. Èmi nìkan, lórí pákó tó ń mì.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

A tú ilé. Gbogbo ẹbí pé. Wọ́n gbé Èlíjà lọ síbi òpó igun, mo mú ọwọ́ òsì rẹ̀ lé e. Ẹnì kan ń kùn pé ọwọ́ òsì kọ́, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bàbá Ọlábọ̀dé ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé èyí tó ṣẹ́kù fún èèyàn ló fi ń ṣe é. Èlíjà di òpó náà mú. Ìka rẹ̀ kò fẹ́ jáwọ́, èmi ni mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Páànù kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ògiri. Kò sí ohun tó tó àǹfààní ilé onípákó: o lè ká a bí ẹní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí yàrá wa sí gbangba, tí gbogbo àdúgbò rí ibi tí ìtọ̀ ti jẹ pákó, mi ò mọ ibi tí màá fojú sí. Ìyàwó Ọlálẹ́yẹ ń ka páànù. Ó ń fi ìka rẹ̀ tọ́ wọn bí ẹni pé tirẹ̀ ni wọ́n.

Òpó la kò rí yọ. Òkun á mú ìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Ọkọ̀ mẹ́ta ló kó wa. Èlíjà wà lórí àwọn pákó ilé rẹ̀, mo fi agbòjò bò ó. Nígbà tí wọ́n tú okùn, gbogbo wa dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì wò mí, èmi ni mo wá sọ ọ́: "Go." Ohùn mi ṣe mí bákan létí.

Lálẹ́ a gbọ́ pé omi ti mú òpó márùn-ún nínú mẹ́jọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé dúró. Yàrá méjì àti ibi ìdáná, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí òkun, ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ti fi amọ̀ mọ ààrò sílẹ̀ láti àná, mo ti gbé igi gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo rán sílẹ̀ de ìgbéyàwó Dùnníolúwa. Ní àárọ̀ a ti ṣe iṣẹ́ wa, èmi àti Èlíjà. "Há." Lẹ́ẹ̀mejì ló sọ ọ́, ó mọ́. Mo ti bá Bàbá sọ ọ́ pé bó bá ti sọ "Há", kí wọ́n gbà á, Bàbá sì ní wọ́n á gbà á.

Wọ́n gbé e síwájú ààrò lórí àga. Bàbá da ọtí díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Èlíjà, uli rẹ rè é. Ta ni kó dáná rẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀, èmi náà la ẹnu mi bí mo ṣe máa ń là á fún un. Ó wò mí. Kì í ṣe ojú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó mọ̀ mí, ó mọ ibi tó wà, ó mọ ohun tí wọ́n bi í. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó ní:

"Jọọlá."

Kò kálòlò. Kò gé e sí méjì. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ níparí. "Jọọlá."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Ọlálẹ́yẹ, lẹ́yìn náà mo gbọ́ bó ṣe dá dúró, nítorí ìyàwó tirẹ̀ náà ti pàdánù. Ojú gbogbo wọn wá sọ́dọ̀ mi, bó ṣe ti mọ́ wọn lára. Bàbá ní, "Hánà, ìwọ lẹnu rẹ̀. Ṣé a gbọ́ ọ dáadáa?"

Mo mọ̀ pé wọ́n á gbà mí gbọ́. Tí mo bá ní irọ́ ni, ìró lásán ni, òmíràn nínú àwọn go rẹ̀ ni, wọ́n á gbà á. Mo ṣí ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Èlíjà ń wò mí, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń fa ọ̀rọ̀ kejì jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí, mo fi ebi fà á, mo fi ẹ̀bẹ̀ fà á, ó sì ti jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Mo ní, "Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, sà. Ẹ ránṣẹ́ sí Awoye."

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Jọọlá dé lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń wo gbogbo wa bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́jọ́. Bàbá ṣàlàyé fún un. Ó kúnlẹ̀ níwájú Èlíjà, ó mú ọwọ́ òsì ọkùnrin náà, ó fi bo ojú ara rẹ̀. Èlíjà ń sọ ọ́ léraléra, "Jọọlá, Jọọlá," bí ẹni rí nǹkan tó ti sọnù. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà dìde, ó dá iná sínú ààrò tí mo mọ. Iná náà ràn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti di ẹrù mi. Kò pọ̀. Mo ti pe Dùnníolúwa pé kó máa retí mi.

Nígbà tí èrò túká, Jọọlá bá mi lẹ́yìn ilé. Ó ní, "Àǹtí, níbo lẹ ń lọ?"

Mo ní, "Ilé rẹ rè é. Ọkọ rẹ nìyẹn. Ìtọ̀ rẹ̀ ń bẹ nínú ike."

Ó mi orí. Ó ní òun wá dáná nítorí pé ó pe òun, òun ò lè jẹ́ kó pe òun lásán. Ṣùgbọ́n òun ní ọjà lọ́la, òun ní ìyá arúgbó nílé, òun ò sì lè máa gbé ọkùnrin sókè sódò. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó so gèlè rẹ̀ dáadáa, ó wo inú ilé lẹ́ẹ̀kan, ó wá ní, "Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó sọ lẹ sọ fún mi. Ọ̀nà Awoye ni mo ti mọ̀ ọ́n. Iná yẹn, tèmi ni. Ẹ máa bá mi tọ́jú rẹ̀."

Ọkọ̀ rẹ̀ lọ kí omi tó fà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ta ni ìbá yí i padà lórí ibùsùn? Ọlálẹ́yẹ? Mo ti tú ẹrù mi. Mo sọ fún Dùnníolúwa pé kó má retí mi mọ́. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní bàbá rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀.

Orúkọ náà kò tún jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ yẹn ti lọ. Ó fi gbogbo òwúrọ̀ wo ẹnu ọ̀nà. Mo koná mọ́ iná Jọọlá, mo gbé ògì kaná, mo sì jókòó níwájú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń jókòó. Mi ò ní kó sọ nǹkan kan. Mo gbé ṣíbí sí i lẹ́nu.

Ó ti ṣíbí náà dànù pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ó wò mí tààrà. "Go."

Kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ èyí fún mi. Mo nu ògì kúrò láyà rẹ̀, mo bu ṣíbí mìíràn, mo sì ní kó la ẹnu.